Òróró Lára Gíláàsì

Àwọn Òyìnbó máa ń sọ ìjì lórúkọ. Kò tíì dé, kò tíì ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, wọ́n á ti fún un lórúkọ bí ọmọ tuntun, wọ́n á sì máa pè é lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé àlejò pàtàkì ló ń bọ̀. Èmi kò ní pe orúkọ èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mi ò pè é nígbà tó ń bọ̀, mi ò sì ní pè é ní báyìí tó ti lọ. Ẹni tó fẹ́ wá fọ́ ilé mi kò gbọdọ̀ retí pé kí n kí òun káàbọ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Moráyọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mò ń wà, láti Woolwich dé Thamesmead, láti Thamesmead padà sí Woolwich, nítorí náà kò sí ẹni tó máa wá kọ́ mi ní ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lórí sítíárì. Ilé wa wà ní àjà keje, létí odò Thames. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni. Gíláàsì ńlá kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì ló wà láàárín pálọ̀ náà àti bákónì, òun náà ni ilẹ̀kùn tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jáde síbẹ̀, bí ènìyàn bá sì dúró níbẹ̀, yóò máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò àti ènìyàn sọdá sí North Woolwich lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí gíláàsì yẹn ni mo ṣe gba ilé náà. Nítorí rẹ̀ náà ni oorun ṣe dá lójú mi lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí.

Ọ̀rọ̀ Mummy ni. Màmá mi ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common, wọ́n wá dá a padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tó ń lo iná. Abala-abala ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn wọlé. Nígbà tí wọ́n tò ó tán ní pálọ̀, kò lè gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde mọ́. Dókítà sì kìlọ̀ pé ká má ṣe gbé Mummy kúrò lórí rẹ̀ fúnra wa. Mummy ní kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, kí òun lè máa rí ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá ṣí kúrò létí omi ló máa ń juwọ́ sí i.

Mo ní, "Mummy, wọn ò rí yín o."

Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n rí mi? Ṣé wọn ò sọ fún mi ní ọsibítù pé kí n máa lo apá mi ni?"

Gíláàsì náà ti sán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó ń tún òrùlé ṣe fi irin gbá igun rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, ó sì sán tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Mo pe àwọn tó ni ilé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo tún pè wọ́n, wọ́n tún ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òtútù dé tí kò tíì débẹ̀, ó yẹ kí ẹsẹ̀ máa dùn ún.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kéde pé ìjì náà máa dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kun gbogbo etí odò ní pupa lórí àwòrán, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Lífítì ilé wa ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mummy kò lè sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò lè jáde ní pálọ̀, pálọ̀ náà kò sì fẹ̀. Bí a tilẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ògiri pátápátá, ẹsẹ̀ Mummy ṣì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì yẹn. Bó bá fọ́, orí màmá mi ló máa fọ́ lé. Kò sí bí mo ṣe ro ó tí kò parí síbẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, Káyọ̀, ń gbé ní Thamesmead. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kò sì sí ìṣòro tí kò ní fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní òun ti rí i pé bí a bá lẹ téèpù ní ìdábùú-ìdábùú mọ́ gíláàsì, tí a sì fi irú ọ̀rá kan bò ó, kò sí ìjì tó lè fọ́ ọ. Ó ti ra méjèèjì, Ọjọ́rú ló máa wá lẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọkàn mi lé téèpù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé èmi náà gbé ọkàn lé e.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, mo kọ́kọ́ rò pé òjò ti rọ̀ wọlé. Gíláàsì wa ń dán yọ̀ọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi yọ̀. Ọpẹ́olúwa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń jókòó ti Mummy bí mo bá lọ síbi iṣẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìgò òróró ólífì lọ́wọ́. Kò sí ohunkóhun nínú ìgò náà mọ́.

Mi ò tíì la ẹnu tó ti ní, "Anti Moráyọ̀, Mummy ló ní kí n ṣe é o."

Ó ti fi àmì àgbélébùú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá fi èyí tó kù pa gbogbo rẹ̀ lára, nínú àti lóde, bí ẹni tó ń fi ìpara pa ọmọ ìkókó. Mummy dùbúlẹ̀ bí onílé.

"Bí wọ́n ṣe fi àmì sẹ́nu ọ̀nà ní Íjíbítì nìyẹn," ó ní. "Ó máa ré wa kọjá."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Káyọ̀ dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó fa téèpù ya krààà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè gíláàsì. Téèpù náà dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ń ro ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn. Ó lẹ òmíràn. Ìyẹn náà bá èkejì rẹ̀ nílẹ̀.

"Sister mi, what is on this thing?"

"Bi màmá ẹ."

"Òróró ìyàsímímọ́ ni," Mummy dáhùn. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mummy, mo respect anointing o, ṣùgbọ́n tape ò lè stick mọ́ oil. It's just science. Ẹ jẹ́ ká nù ún, ká lẹ tape wa, then kí Ọpẹ́olúwa wá anoint tape yẹn from on top. Everybody is happy."

Mummy di ojú. "Ẹni tó bá nu òróró yẹn, kó yáa nu àdúrà tí mo gbà sí i pẹ̀lú."

Inú bí mi. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Èmi tí mo ti wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí, tí mo ti gbé ọkàn sókè láti ọjọ́ Ajé, ẹnìkan wá fi òróró ọbẹ̀ dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ní. Mo sọ fún Mummy pé ìjì kò mọ Íjíbítì, kò mọ ìwé Ẹ́kísódù, pé orí rẹ̀ ni gíláàsì máa fọ́ lé, kì í ṣe orí Fáráò. Mo wọ ilé ìdáná, mo bu omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo da ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, mo mú kànìnkànìn, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ wá sídìí gíláàsì. Káyọ̀ yà fún mi. Ó mọ̀ pé kò dára kí ènìyàn dúró lójú ọ̀nà mi lásìkò bẹ́ẹ̀.

Mummy kò pariwo. Oríkì mi ló pè.

"Àbẹ̀ní," ó ní. "Mi ò lè dìde. Mi ò lè sá. Mi ò lè gbé nǹkan kan fún ẹ. Ohun tí ọwọ́ mi ká nínú ilé yìí nìyẹn, mo sì ti ṣe é."

Ọwọ́ mi ti wà nínú omi. Ó gbóná, ṣùgbọ́n mi ò lè yọ ọ́, mi ò sì lè gbé kànìnkànìn náà sókè. Mo wo màmá mi tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, obìnrin tó gbé èmi àti Káyọ̀ pọ̀n dé ibi tí a dé yìí, tó wá jẹ́ pé ìgò òróró kan ni gbogbo agbára rẹ̀ kù sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà, mo da omi nù, mo sì fọ gbogbo abọ́ tó wà nínú ilé, títí kan àwọn tó mọ́.

Káyọ̀ ló ní ká pe Anti Yéwándé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mummy ni, nọ́ọ̀sì ni ní Florida, ó sì ra ilé sí àjà kẹrin ilé gíga kan létí òkun gan-an, níbi tí ìjì líle ti máa ń wá lọ́dọọdún bí olórí ẹbí tó ń wá gba ọdún. Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù. Káyọ̀ ṣàlàyé téèpù, ó ṣàlàyé ọ̀rá, ó ṣàlàyé òróró, ó ní kí Anti bá wa bẹ Mummy.

Anti Yéwándé rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé fóònù kalẹ̀, àjà yàrá rẹ̀ nìkan la wá ń wò.

"Tape!" ó ní nígbà tó padà. "Káyọ̀, tape lo fẹ́ fi dá ìjì dúró? Ta ló ṣe ẹ́ báyìí? Tape ò lè save nobody. Tí gíláàsì yẹn bá fọ́, tape á kàn jẹ́ kó já lu Mummy ní big big pieces ni. Àti pé gíláàsì tó ti crack, film wo lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn?"

"But Auntie, the video..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é níbí. Kì í ṣe breeze ló ń fọ́ window, ohun tí breeze gbé dání ni. Àga, pátákó, irin. Ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó le dí i from outside. Ẹ wo tèmi." Ó gbé fóònù lọ sídìí fèrèsé rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, irin pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀ lójú gíláàsì títí òkun fi pòórá. "Ẹ ò ní irú èyí, I know. Plywood ni tiyín. Èyí tó nípọn. Ẹ fi drill dè é mọ́ ògiri, kì í ṣe mọ́ frame, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí gíláàsì díẹ̀. Mummy mi, ẹ kú àmójútó o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nu òróró yín."

"Ṣé wọ́n tó bẹ́ẹ̀?" Mummy dáhùn. Kò yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Káyọ̀ wa mọ́tò kiri. Ó lọ sí Charlton, ó lọ sí Thamesmead, ó lọ dé Belvedere. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ni àwọn tó gbọ́n jù wá ti lọ kó o tán. Ó fi fọ́tò pẹpẹ ìpàtẹ òfìfo ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni pé mo ní kó máa ya wọ́n. Nígbà tó máa fi dé ilé, afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu díẹ̀díẹ̀ lójú odò. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Mummy. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa dùbúlẹ̀ lé e bí ó bá fọ́, kó jẹ́ ẹ̀yìn mi ló máa gbà á.

Mummy ń wo òkè àjà. Ó ní, "Káyọ̀, irú pákó wo ni Yéwándé sọ?"

"Plywood, Mummy. Èyí tó thick. Kò sí níbì kankan."

"Kí ni choir ń dúró lé lórí?"

A wo ara wa.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Belvedere, nínú ilé ńlá kan létí odò tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, ilé onírin tó tutù, tí ohùn ń dún padà nínú rẹ̀. Màmá mi ló dá ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ sílẹ̀, Mummy Choir ni tọmọdé tàgbà sì ń pè é títí di òní. Òun ló yọ pásítọ̀ lẹ́nu títí wọ́n fi kan pèpéle gíga fún àwọn akọrin, nítorí ó ní òun kò lè máa kọ́ ènìyàn lórin tán kí ìjọ máa rí irun orí wọn nìkan. Pákó pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n wá lẹ káápẹ́ẹ̀tì pupa mọ́ ọn kó lè lọ́lá.

"Ẹ bá mi pe Dèjì," Mummy ní.

Ọládèjì ni olórí àwọn akọrin báyìí. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, awakọ̀ ni bíi tèmi, Mummy ló sì fi ìka rẹ̀ sórí dùùrù nígbà tí kò mọ ibi tí òkè wà. Mummy gba fóònù náà.

"Dèjì, ọjọ́ ìdánrawò lónìí, àbí? Ẹ má kọrin. Ẹ tú ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀ nílé mi."

Mi ò gbọ́ ohun tí Dèjì sọ. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Màá bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ tú u ná."

Ọ̀sán ni wọ́n dé, nínú ọkọ̀ akẹ́rù ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ohùn wọn kí n tó rí wọn. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń kọrin bọ̀, nítorí ẹni tó bá gbé pákó ńlá lọ sí àjà keje láìkọrin, àárẹ̀ ló máa gbé e. Àwọn ọkùnrin mú ìdí pákó, àwọn obìnrin mú orí rẹ̀, gbogbo ìyípo àtẹ̀gùn ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa yà á gbà. Àwọn tó ń gbé ilé wa ṣí ilẹ̀kùn láti wò wọ́n. Baba Òyìnbó kan ní àjà kẹta bọ́ síta pẹ̀lú bàtà inú ilé, ó bá wọn gbé ọ̀kan dé òkè. Káápẹ́ẹ̀tì pupa ń gòkè bọ̀ lórí ejìká wọn bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ tẹ́ ẹ fún ọba.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, Mummy gbé ọwọ́ kan sókè, ó ń darí orin náà. "Alto!" ó pariwo. "Ẹ ti ń wálẹ̀ jù! Àtẹ̀gùn lẹ̀ ń gùn, ẹ jẹ́ kí ohùn náà gùn ún!"

Amirah, obìnrin tó wà ní ilé kejì sí tiwa, gbọ́ ariwo náà, ó sì jáde. Bákónì kan náà ni èmi àti òun jọ ń lò. Fèrèsé kékeré kan àti ilẹ̀kùn tóóró ni tirẹ̀ ní. Ó wo àwọn pákó, ó wo mí, ó wọlé, ó sì jáde padà pẹ̀lú dírììlì lọ́wọ́.

"My brother left it here," ó ní. "I was waiting for a reason."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káyọ̀ àti Dèjì wà lórí bákónì, Amirah ń lu ihò sára ògiri, àwọn ọkùnrin yòókù di pákó mú kí afẹ́fẹ́ má gbà á lọ́wọ́ wọn. A ti Anti Yéwándé mọ́ ara ìgò omi kan lórí fóònù, ó ń pàṣẹ láti Florida. "Ẹ sún un sókè. Kò tíì wọnú ògiri. Káyọ̀, kì í ṣe ìṣó kéékèèké yẹn! Fi èyí tó gùn!" Wọ́n kọ́kọ́ de igi gbọọrọ mọ́ ògiri kí pákó má bàa kan gíláàsì, wọ́n wá ń de pákó lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n kọ ojú káápẹ́ẹ̀tì pupa sí odò. Bí pálọ̀ ṣe ń ṣókùnkùn ni àyà mi ń balẹ̀. Àwọn tó ni ilé lè bínú nítorí ògiri wọn bó bá wù wọ́n. Kí wọ́n jẹ́ kí ìjì kọ́kọ́ lọ ná.

Nígbà tí àwọn yòókù ti wọlé, tó ku kí Káyọ̀ àti Dèjì fi èyí tó kẹ́yìn dí i, Mummy ní kí wọ́n dúró.

"Èyí tó ní ihò wáyà gbohùngbohùn ńkọ́? Ẹ fi ihò yẹn sí ọ̀gangan ojú mi."

Wọ́n yí i padà. Ihò náà kò ju ojú ife tíì lọ, ó sì bọ́ sí ibi tí Mummy lè gbà rí omi. Wọ́n dè é. Ilé wá dákẹ́ bí inú àpótí. Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ ohùn Káyọ̀ lóde.

"Sister mi? Ibo la máa gbà wọlé báyìí?"

Ó ti de ara rẹ̀ mọ́ ìta. Òun àti olórí akọrin, lórí bákónì, pẹ̀lú ìjì tó ń bọ̀. Mummy rẹ́rìn-ín débi pé mo ní kó rọra nítorí ìbàdí rẹ̀. Ilé Amirah ni wọ́n gbà wọlé, ó sì fún wọn ní tíì.

Ọjọ́ Ẹtì, ìjì dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́. Wọn kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kankan jáde. Èmi àti Mummy nìkan la wà nílé, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti gbọ́ afẹ́fẹ́ rí, mo ti gbọ́ ọ lórí bọ́ọ̀sì ní Thamesmead níbi tí kò sí nǹkan tó máa dá a dúró, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú èyí rí. Kì í ṣe pé ó ń fẹ́, ó ń bú ramúramù. Ògiri ń gbọ̀n. Mummy fi ojú sí ihò rẹ̀, ó ń ròyìn fún mi bí ẹni tó ń sọ eré bọ́ọ̀lù.

"Wọ́n ti so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀, kò lọ mọ́. Omi ti ń fò. Háà, òrùlé ẹnìkan ti ń lọ! Nǹkan dúdú kan..."

Kò parí rẹ̀. Nǹkan gbá pákó wa gbàà! Ife ṣubú lórí tábìlì. Mo ti fò lé Mummy lórí, mo ti fi ẹ̀yìn mi bò ó, mo sì ti ń pe orúkọ Jésù kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ló ń pè é. Mo ń retí kí gíláàsì máa rọ̀ sí wa lára. Mo retí, mo retí.

"Moráyọ̀," Mummy ní lábẹ́ mi. "O wúwo."

Kò sí ohun tó rọ̀. Ìjì náà tún jà títí tí ọ̀sán fi pọ́n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ó ń sinmi, ó tún ń gbìyànjú, títí tó fi gba kámú. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, mo gbọ́ tí Amirah ń pariwo orúkọ mi lórí bákónì. Mo gba ilé rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Tábìlì irin kan ló so rọ̀ sára pákó wa. Láti bákónì ẹnìkan lókè ni afẹ́fẹ́ ti gbé e. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti la káápẹ́ẹ̀tì kọjá, ó wọnú pákó, ó sì há síbẹ̀. Mo wo ọ̀gangan ibi tó há sí. Igun ìsàlẹ̀ ni, níbi tí gíláàsì ti sán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Amirah náà jókòó tì mí.

Àwọn akọrin padà wá lọ́jọ́ kejì láti tú pákó wọn. Ariwo tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n rí tábìlì náà, àwọn tó wà ní North Woolwich á gbọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ padà wọ pálọ̀ wa, gíláàsì sì dúró níbẹ̀ lódindi. Òróró ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àmì ọwọ́ Ọpẹ́olúwa, téèpù Káyọ̀ kan sì ṣì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ ojú omi ti ń rìn. Mummy juwọ́ sí i, gbogbo akọrin bá a juwọ́, ẹnìkan lórí ọkọ̀ náà sì gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn. Ojú Mummy kún fún ayọ̀ bí ojú ìyàwó.

"You see?" Káyọ̀ ní. "Plywood ló gbà wá. Anti Yéwándé was right."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Mummy ní. "Ta ló lé yín dé ìdí plywood?"

Mo ronú sí i. Bí téèpù yẹn bá lẹ̀ ní Ọjọ́rú, a kì bá ti pe Florida. À bá ti jẹun, ká sùn, ká máa yin ara wa. Ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ì bá sì ti bá wa pẹ̀lú ọ̀rá àti téèpù. Mummy sì rí i lójú mi pé mo ti rò ó débẹ̀, ó wá yíjú sí odò, ó rọra ń kọrin sínú.

Wọ́n kan pèpéle náà padà ní Belvedere. Pákó tó ní ihò ẹsẹ̀ tábìlì wà níwájú, soprano ń bá alto jà lórí ẹni tó máa dúró lé e.

Àwọn tó ni ilé náà rán ẹnìkan wá níkẹyìn, lẹ́yìn tí ìjì ti lọ, láti wá wọn gíláàsì kí wọ́n lè ṣe òmíràn. Ọmọ jẹ́jẹ́ kan ni, ó kí Mummy dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tó sán, ó fi ìka kan gíláàsì, ó sì wo ìka rẹ̀. Ó fa aṣọ ìnùwọ́ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé ìgò omi ọṣẹ sókè, ó ní kí òun kọ́kọ́ bá wa nu ìdọ̀tí yìí kúrò.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò ní ilé ìdáná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Máa wọ̀n ọ́n lọ bẹ́ẹ̀," mo sọ fún un ní èdè rẹ̀. "Ní ilé yìí, a kì í nu ìyẹn."

Lẹ́yìn mi, lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ tí Mummy ń rẹ́rìn-ín.